FRED: ibi tí mo ti ń wo iye ilé tó wà lọ́jà ní Houston láti Ṣùrùlérè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ilé tó wà lọ́jà ní Amẹ́ríkà láìsan kọ́bọ̀, tí kò sì fẹ́ gbára lé ẹnu ajẹ́ńtì, FRED ni kó lọ. Ìkànnì ni. Ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wà ní St. Louis ló ni ín, láti 1991 ló sì ti wà. Òǹkà ló kún inú rẹ̀: owó ọjà, iṣẹ́, èlé orí owó, ilé. Àkọsílẹ̀ ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 lọ. Apá ti ilé ni mo mọ̀ dáadáa, torí òun ni mo máa ń ṣí lálẹ́ nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fà á. Houston ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò 2025, wọ́n ń wá ilé rà ní apá Katy, ajẹ́ńtì tó ń mú wọn kiri sì ń já wọn láyà. Ó pè mí lórí WhatsApp: “Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin yìí ní ilé ti tán lọ́jà. Ó ní bí a ò bá fi nǹkan lé iye tí onílé ń pè, ẹlòmíràn á rà á mọ́ wa lójú.”

Mo ní, “Ó ti tán báwo? Mélòó ló kù?”

“Kò sọ iye kankan, mà.”

“Má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan nígbà náà. Jẹ́ kí n wò ó ná.”

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mo ń ṣe jẹun, ní ọ́fíìsì kékeré kan nítòsí Adéníran Ògúnsànyà. Bí oníbàárà bá ní ọjà ti tán ní sítọ̀ òun, ìwé ni mo máa ń bèèrè kí n tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí mo sì kọ́kọ́ fẹ́ràn lára FRED nìyẹn: kò ní kí n forúkọ sílẹ̀ kó tó fi ìwé hàn mí. Àpótí kan wà lókè tí èèyàn ń kọ ohun tó ń wá sí. Mo kọ Active Listing Count, mo fi Harris County tẹ̀ lé e, torí county ló dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, Harris ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú Houston. Ìlà kan jáde. Bí mo ṣe ń gbé ìka lé e ni oṣù àti iye ilé tó wà lọ́jà lóṣù náà ń yọ. Realtor.com, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó ilé títà, ni òǹkà náà ti wá, oṣù keje 2016 ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà náà ń gòkè. Ilé tó wà lọ́jà pọ̀ ju ti èṣí lọ, ó sì pọ̀ ju ti 2022 lọ fíìfíì.

Mi ò pe àbúrò mi lójú ẹsẹ̀ o, nítorí ìlà yẹn ní ìwà kan. Wọn ò yọ ti ìgbà kúrò nínú rẹ̀. Lọ́hùn-ún, àwọn onílé máa ń gbé ilé síta gan-an nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí àwọn ọmọ sì fẹ́ gba ọlidé, ọjà á wá lọ sílẹ̀ nígbà tí òtútù bá padà dé. Ẹni tó bá fi oṣù karùn-ún wé oṣù kìíní yóò rò pé ilé ti ya bo ọjà, bẹ́ẹ̀ ìgbà ló yí. Oṣù karùn-ún ọdún yìí àti oṣù karùn-ún èṣí ni kí ẹ fi wéra. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Edit Graph sí. Níbẹ̀ ni mo ti yan Percent Change from Year Ago, FRED sì ṣe ìṣirò náà fún mi, oṣù dé oṣù. Mo wá rí i pé ìgòkè ti Harris kì í ṣe ti ìgbà lásán.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ Katy fúnra rẹ̀. Ìlú náà nà dé county mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Mo fi Fort Bend kún àwòrán kan náà kí n lè rí ìlà méjèèjì pọ̀, òun náà ń gòkè. Ìgbà yẹn ni mo fi àwòrán náà ránṣẹ́. Àbúrò mi gbé e han ajẹ́ńtì rẹ̀, ohùn ọkùnrin náà sì yí padà. Wọn ò fi nǹkan kan lé owó. Iye tó dín sí ohun tí onílé kọ síta ni wọ́n pè, onílé gbà, ó sì tún bá wọn dá sí owó ìwé.

Ẹ ṣí ti gbogbo Amẹ́ríkà náà, ACTLISCOUUS ni àmì rẹ̀. Mo lè jókòó ti ìlà yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní 2019, ilé tó wà lọ́jà ju mílíọ̀nù kan lọ. Kòrónà dé, èlé orí owó ilé já wálẹ̀, àwọn èèyàn sáré ra ohun tó wà nílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2022, kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 mọ́. Èlé wá fò sókè. Ẹni tó ti yáwó ilé ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kò fẹ́ ta ilé rẹ̀ kó tún lọ yá òmíràn ní ìdá 7, ó jókòó síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọjà fi ń padà kún, oṣù karùn-ún 2025 ló sì tó tún kọjá mílíọ̀nù kan. Ìyẹn bọ́ sí àsìkò gan-an tí wọ́n ń sọ fún àbúrò mi pé ilé ti tán.

Iye ilé nìkan kò tó o. Òǹkà kejì tí mo máa ń wò ni ti oṣù: bí ilé kankan kò bá tún wọ ọjà mọ́, oṣù mélòó ni èyí tó wà nílẹ̀ yóò fi tà tán? Bí ìyá onígààrì kan ní Ojúwoyè bá ní àpò 30 nílẹ̀, tó ń ta 5 lóṣù, ti oṣù 6 nìyẹn. Bí oníbàárà bá dín kù tó wá ń ta 3, àpò 30 kan náà di ti oṣù 10, bẹ́ẹ̀ kò ra ọjà kankan kún un. Báyìí ni iye ilé ṣe lè wà lójú kan kí agbára sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Oṣù 6 tàbí nǹkan tó súnmọ́ ọn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò ilé lọ́hùn-ún ń pè ní déédéé. Ti ilé tuntun wà lórí FRED láti 1963, àmì rẹ̀ ni MSACSR. Nígbà tí ọjà ilé wọn dojú dé, ó gòkè dé 12.2 ní oṣù kìíní 2009.

Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń kà síbẹ̀. Kì í ṣe ilé tuntun tó ti parí nìkan. Èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí wọn ò tíì gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ rárá náà wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ń rí bí wọ́n ṣe ń ta ilé orí ìwé ní Lẹ́kkí àti Ìbẹ̀jú, a mọ̀ pé ẹni tó nílò ibi tí yóò sùn lóṣù tó ń bọ̀ kò lè fi fandéṣọ̀n tí kò tíì sí sùn. FRED pín in sí mẹ́ta fún ẹni tó bá wá a, èyí tó ti parí nìkan ni mo sì máa ń wò.

Fún ilé tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà, HOUST ni, àwọn ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. 1959 ló ti bẹ̀rẹ̀. Iye tí ẹ máa rí níbẹ̀ kì í ṣe ilé oṣù kan ṣoṣo. Iye tí wọn ì bá bẹ̀rẹ̀ lọ́dún ni, bí oṣù méjìlá bá rí bíi ti oṣù yẹn. Ní oṣù kìíní 2006 ó ju mílíọ̀nù 2.2 lọ. Ní oṣù kẹrin 2009 kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500. Àwọn kọ́lékọ́lé wọko gbèsè, ọ̀pọ̀ kógbá wọlé, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì kọjá kí wọ́n tó tún kọ́lé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ara ọ̀wọ́n ilé tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ lónìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Mo ní ẹ̀sùn sí FRED. Òǹkà ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ jẹ́ ti àwọn ilé díẹ̀ tí Census Bureau, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ka èèyàn àti ilé, lọ wò, tí wọ́n fi díwọ̀n ìyókù. Nínú ìwé tí Census Bureau fúnra wọn ń gbé jáde, wọ́n máa ń kọ bí ìdíwọ̀n náà ṣe lè yẹ̀ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ tó, ó sì máa ń fẹjú débi pé ìyípadà oṣù kan sí èkejì lè máà jẹ́ nǹkan kan. FRED kò fi ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan tó mọ́ lójú ni ẹni tó ń wò ó rí, á sì gbà á bí ẹni pé wọ́n kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ti ilé àlòkù tí ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́ńtì, NAR, ń kà kò ju bí ọdún kan lọ lórí FRED, torí NAR kò gbà kí wọ́n fi ti àtẹ̀yìnwá síbẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa láti oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá 2025, òǹkà Census Bureau dúró pẹ̀lú wọn. Lórí fóònù, àwọn bọ́tìnnì náà há ju. Kọ̀ǹpútà ló rọrùn. County sì fẹ̀ jù fún ẹni tó ti mọ àdúgbò tó fẹ́. Realtor.com àti Redfin ń gbé èyí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ síta lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì tiwọn, ibẹ̀ ni kó gbà lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo lè mọ èyí nípa Houston, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n nípa Àgùdà tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Ní ọdún tó kọjá, mo bá ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá fúláàtì oníyàrá mẹ́ta. Lórí àwọn ìkànnì ilé, ó dà bí ẹni pé ilé pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo wá ń wo fọ́tò wọn dáadáa: táńkì omi aláwọ̀ búlúù kan náà, géètì kan náà tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀ lápá ọ̀tún. Fúláàtì kan ṣoṣo ni, ajẹ́ńtì mẹ́rin ló gbé e síta, iye mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ajẹ́ńtì kan ni onílé ń fún ní ilé rẹ̀, ajẹ́ńtì yẹn á sì fi nọ́ńbà kan wọlé sínú ìwé tí gbogbo ajẹ́ńtì àgbègbè náà jọ ń lò, MLS. Òfin yẹn ló jẹ́ kí ilé ṣeé kà. Láìsí i, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbà wá.

Ìkànìyàn wa tó kẹ́yìn, 2006 ni. Ìjọba àpapọ̀ ka mílíọ̀nù 9 ó lé díẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Èkó fúnra rẹ̀ ka mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Bí a ò bá fẹnu kò lórí iye èèyàn, báwo la ṣe fẹ́ mọ iye ilé tí wọn ò ní? Ẹnìkan á ní ilé mílíọ̀nù 17 ló kù kí Nàìjíríà ní, ẹlòmíràn á ní mílíọ̀nù 28, wọ́n á sì fi ṣètò owó.

Ohun tó súnmọ́ ọn jù lọ́wọ́ wa báyìí ni Open Buildings ti Google, tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní Accra bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2021. Àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń fa ìlà yí ilé kọ̀ọ̀kan ká. Mo wo àdúgbò tiwa. Ó rí BQ, ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé láńlọ́ọ̀dù mi, ó yà á sọ́tọ̀ bí ilé kan. Ṣùgbọ́n ilé méjì tí páànù wọn kan ara wọn, ọ̀kan ló kà wọ́n sí, ó sì ka ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ilé. Kò lè mọ̀ bóyá ìdílé mẹ́fà ló wà lábẹ́ òrùlé kan tàbí pé kọ́kọ́rọ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2024 ń fi bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i láti 2016 sí 2023 hàn, ìyẹn wúlò gan-an fún ẹni tó fẹ́ rí bí Ìbẹ̀jú ṣe ń kún.

LASPPPA ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Èkó. Bí wọ́n bá lè máa gbé iye tí wọ́n fọwọ́ sí síta lóṣooṣù, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú iye fúláàtì tó wà nínú rẹ̀, ìlà tiwa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mò ń bẹ̀ wọ́n.

Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún FRED. Ẹni tó ní ará lọ́hùn-ún: ACTLISCOU48201 ni àmì ti Harris. Nọ́ńbà márùn-ún tó gbẹ̀yìn ló ń yàn county. Ti Fort Bend ni 48157, ti Prince George's ní Maryland ni 24033, ti Gwinnett ní Georgia ni 13135. Ẹ fi ti ibi tí àwọn èèyàn yín wà rọ́pò rẹ̀.