Ẹ ra ara ọkọ̀ kí ẹ tó ra ẹ́ńjìnnì: V-boot, Camry, Accord àti 504 fún ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́, ẹ́ńjìnnì ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú. Á ti rí 2JZ kan, ìyẹn ẹ́ńjìnnì Toyota, nínú ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, wọ́n á ti tan án fún un, ìró rẹ̀ á ti wọ̀ ọ́ lára, kó tó wá máa wá ọkọ̀ tó máa gbé e sí. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ná mi lówó tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn ná, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ara ọkọ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kò ní tán lọ́jà. Ọkọ̀ tó ti lo 20 ọdún sí 30 ọdún tí ìpẹtà ò tíì jẹ abẹ́ rẹ̀, tí ìwé rẹ̀ pé lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, tí iwájú rẹ̀ sì gba ohun tí ẹ fẹ́ gbé sí i, òun ló ṣòro rí. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wá a sí ni ọgbà àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìntì. Láti 1976 tí Abẹ́òkúta ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti pọ̀ láàrin wa. Ẹ máa rí ọkọ̀ tí Bàbá gbé síbẹ̀ ní Ìbarà tàbí Òkè-Ìlewó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń lò ó, tó sì wà lábẹ́ ibòji. Mo fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn tó ń dán yinrin lẹ́bàá títì. Ẹ wọlé, ẹ kí Bàbá dáadáa, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe. Àgbà tó bá mọ̀ pé ẹ kò ní tú ọkọ̀ òun tà ní ẹyọ-ẹyọ máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lórí owó.

Òòró àti ìbú

Ohun kan pín ọkọ̀ mẹ́rin yìí sí méjì kí a tó fi wọ́n wéra rárá. V-boot, ìyẹn Mercedes W124, àti Peugeot 504, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n lọ. Ẹ́ńjìnnì wọn dúró ní òòró, gíà wà lẹ́yìn rẹ̀, pọ̀rọ̀pẹ́là, irin gígùn tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, sì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Camry àti Accord, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà wọ́n. Ẹ́ńjìnnì wọn wà ní ìbú, gíà sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń rà á ni pé V-boot lè gba ẹ́ńjìnnì láti ilé ẹlòmíràn, bí ẹ bá ti ní wẹ́dà tó mọṣẹ́ àti sùúrù. Camry fẹ́ kí ẹ mú ẹ́ńjìnnì wá láti inú ẹbí tirẹ̀. Bí ẹ bá fi dandan gbé ohun tó wà ní òòró sínú ọkọ̀ tí tirẹ̀ wà ní ìbú, ẹ ti ń kọ́ ọkọ̀ tuntun nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì ní òpin.

V-boot

Ọkọ̀ yìí ni mo mọ̀ jù, òun ni màá sì sọ̀rọ̀ lé jù. Láti 1984 títí di àárín 1990s ni wọ́n fi ṣe sàlúùnù rẹ̀. Ìdí tí ẹ fi lè rí i rà lówó pọ́ọ́kú ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu. 230E, 260E àti 300E àtijọ́ ń lo KE-Jetronic ti Bosch láti pín epo. Iṣẹ́ ọnà gidi ni, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí díẹ̀ nínú epo ti tó láti dà á rú, mẹkáníìkì tó sì lè tò ó padà bó ṣe yẹ kò pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti pa tì nítorí ìyẹn nìkan, nígbà tí ara wọn ṣì le bí òkúta.

Èyí tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1992 dé 1995 ní àìsàn mìíràn: rọ́bà tó bo wáyà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń gbẹ, á sì máa rún kúrò, wáyà á wá máa kan ara wọn. Ẹni tó fẹ́ máa lò ó bó ṣe wà á sá fún un. Ẹ̀yin ò ní ìdí láti sá, nítorí wáyà ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní sí nínú ọkọ̀ yín mọ́. Bí mo bá rí E220 tàbí E280 irú ọdún bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń tà nítorí wáyà, tí abẹ́ rẹ̀ sì dára, mo máa ń sún mọ́ ọn kíákíá.

Àyè wà níwájú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà tó tò lórí ìlà kan ni 300E fúnra rẹ̀, nítorí náà 2JZ-GE, tí òun náà jẹ́ mẹ́fà lórí ìlà kan, lítà 3.0, tó wà nínú Lexus GS300 àti IS300, rí ibi gùn sí. Àwọn tó ṣe é pàápàá gbé V8 (sílíńdà mẹ́jọ) lítà 5.0 sínú ẹ̀yà 500E, Porsche sì bá wọn lọ́wọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ ara ọkọ̀ náà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè nà ró ṣánṣán sókè, ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ló mọ irú àánú tí ìyẹn jẹ́. Dísíìkì ni bíréèkì ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kò kéré o. Ẹ́ńjìnnì síìtì tuntun, ìyẹn ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé, ni wẹ́dà máa ṣe. Ọpọ́n ọ́ìlì lábẹ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fo irin tó dábùú abẹ́ iwájú ọkọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wọn ìyẹn kí ẹ tó sanwó ẹ́ńjìnnì, nítorí ọpọ́n 2JZ kì í ṣe bákan náà nínú gbogbo ọkọ̀ tó ti wá. Gíà Toyota ni kó bá ẹ́ńjìnnì Toyota wá, kí ẹ wá mú pọ̀rọ̀pẹ́là méjèèjì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gé wọn, tó máa so wọ́n, tó sì máa bálánsì wọn. Èyí tí wọn ò bálánsì máa ń gbọ̀n tí ẹ bá ti ń sáré, ó sì máa ń ba gíà jẹ́. Okùn ló ń yí sípídómítà ọ̀pọ̀ àwọn tó dàgbà jù nínú wọn, gíà tuntun yín sì lè má ní ibi tí wọ́n ń so okùn sí.

Ìpẹtà rẹ̀ máa ń sá pamọ́. Láti 1989 ni wọ́n ti ń fi pákó rọ́bà gbòòrò bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni omi ń lúgọ sí. Ẹ yọ ìdérí kékeré tó wà níbi tí wọ́n ń ki jáàkì bọ̀, ẹ fi ìka kan ibẹ̀. Bí ó bá ń rún, ẹ kí olówó ọkọ̀, kí ẹ máa lọ. Èmi ò yọ ọ́ ní ti àkọ́kọ́ mi tí mo rà ní Ọbáńtókò. Inú rẹ̀ mọ́, síìtì rẹ̀ ò ya, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò láti fa wáyà ni a rí i pé omi ti ń wọ ilẹ̀ iwájú fún ọdún púpọ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bítà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó kúrò nílẹ̀.

Camry tiny light

Èyí ni 1997 sí 2001. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin lítà 2.2, tí a ń pè ní 5S-FE, ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Ẹbí rẹ̀ ni V6 (sílíńdà mẹ́fà) lítà 3.0, 1MZ-FE, tó wà nínú Camry V6 ọdún kan náà, Lexus ES300 àti Sienna 1998 sí 2003. Nítorí Sienna pọ̀ nílẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì yìí kò ṣòro rí.

Ara ọkọ̀ kan náà ni wọ́n fi ṣe mẹ́rin àti V6, kò sí pé à ń gé irin. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kúrò. Gíà yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì síìtì yàtọ̀, ṣáàfù ẹsẹ̀, wáyà, brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì), rediétọ̀ àti ẹ̀sọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló yẹ kó tẹ̀ lé V6 wá. Dúrọ́ọ̀mù sì ni bíréèkì ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ Camry sílíńdà mẹ́rin, nígbà tí ti V6 jẹ́ dísíìkì. Ẹ ra ìyẹn náà. Ìlú wa kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Agbára tó gbé yín gun òkè láìmí gúlegúle gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa dá a dúró nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ bọ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ wò ni ọ́ìlì. 5S-FE àti 1MZ-FE tí wọ́n ṣe láàrin 1997 sí 2002 máa ń sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ní 2002, Toyota gbà láti máa tún èyí ṣe fún àwọn tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí àmàlà tó ti sùn, ẹ wá òmíràn. Bí ó bá sì jẹ́ ti ES300, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́ brain box, nítorí ó lè kọ̀ láti tan bí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀.

Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, tí òun náà lẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, Camry ni mo ní kí ẹ rà. Ó lè jẹ́ pé láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ ti ń wà á. V-boot lè jókòó fún oṣù mẹ́fà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ wáyà méjì péré.

Accord 1998 sí 2002

Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ mọ̀ níbí kí ẹ tó ná owó. Ẹ́ńjìnnì F23 tó wà nínú rẹ̀ ń yí sí ọ̀nà kan, K24 tó wà nínú èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, 2003 sókè, ń yí sí òdìkejì, ó sì kọ ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sí iwájú. Kò lè jókòó sórí ẹ́ńjìnnì síìtì àtijọ́, gíà àtijọ́ ò sì lè bá a ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta ẹ́ńjìnnì á ní "Ẹ̀gbọ́n, Honda ni Honda ń jẹ́, á wọlé." Kò ní wọlé bẹ́ẹ̀. H22, ẹ́ńjìnnì Honda mìíràn, ló bá a mu jù, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa bíi K24. Nítorí náà, Accord ló wà lẹ́yìn nínú mẹ́rin yìí lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn bó ṣe ń kọ kọ́nà.

Peugeot 504

Ọkọ̀ àwọn bàbá wa ni. Ní 1975 ni PAN (Peugeot Automobile Nigeria) ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀, ó sì yẹ kí á rí ẹni tó máa tọ́jú èyí tó kù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í, àyè sì wà níwájú, àwọn èèyàn á wá rò pé ó rọrùn bíi V-boot. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú sàlúùnù tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, inú páìpù irin ni pọ̀rọ̀pẹ́là wà, páìpù náà ló sì so gíà mọ́ dífù gan-in. Ẹ ò lè yọ gíà Peugeot kí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i láì tún gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ rò. Bí ẹ bá rí 504 tó mọ́, ẹ wá ẹ́ńjìnnì 504 tó dára sí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó

Ẹ pín owó yín sí méjì. Ìdajì ni kí ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì jẹ mọ. Ìdajì kejì á lọ sórí wáyà, rediétọ̀, bíréèkì, ẹ́ńjìnnì síìtì àti iṣẹ́ ọwọ́, ó sì máa lọ tán. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ládípọ̀, ẹ má lọ láìní ríwáyà (ẹni tó ń ṣe wáyà iná ọkọ̀) lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì lójú yín, ẹ sì ní kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ lódindi láti ibi ẹ́ńjìnnì dé brain box. Wọ́n máa ń fẹ́ gé e láàrin kó lè yá. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi yọ ọ́ tán.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣásì. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ fi ìwé wé ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọkọ̀ náà, ẹ sì jẹ́ kí olówó ọkọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun ti tà á. Ẹ gba rísíìtì ẹ́ńjìnnì tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí ẹ mú gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì láti yí àkọsílẹ̀ padà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ náà gba Ìfọ̀ lọ sí Èkó. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú ọkọ̀, kí ojúlówó wà nílé.