Lẹ́tà onídẹ tó wà ní Alrewas: mo gbé Bàbá lọ wò ó

Ọmọ bárékè ni mí. Odògbo ní Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ṣọ́jà sì ni bàbá mi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí bàbá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ní Wolverhampton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sọ pé kí n gbé àwọn lọ sí National Memorial Arboretum, ọgbà tí wọ́n kó ohun ìrántí sí, mi ò bi wọ́n pé kí ló dé. Mo rò pé ọ̀rẹ́ wọn kan tó kú lójú ogun ni wọ́n fẹ́ lọ kí.

Ẹ̀gbẹ́ títì A38 ni ọgbà náà wà, ní Alrewas, ní Staffordshire. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, owó ibi tí a gbé ọkọ̀ sí nìkan la san. Ẹ wọ bàtà tó le o, torí éékà 150 ni ilẹ̀ ibẹ̀, ohun ìrántí tó wà níbẹ̀ sì lé ní 400. Bàbá ò wo ìkankan nínú wọn. “Lẹ́tà ni kí o bá mi wá,” ni wọ́n ń sọ ṣáá.

Lẹ́tà ni lóòótọ́. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó wá dà bíi bébà tí ẹnì kan ti fìbínú rún mọ́wọ́, tí ẹlòmíràn tún wá ń tẹ́ ẹ padà. Ọ̀rọ̀ kún ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ràn obìnrin, tí iṣẹ́ ológun fìyà jẹ. Orúkọ rẹ̀ ni An Opened Letter. Ọba Charles fúnra wọn wà níbi tí wọ́n ti ṣí i ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, omi díẹ̀ dúró níbi tí idẹ náà ti ká. Bàbá bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n ti ìka bọ omi yẹn, wọ́n wá ń fi ìka náà tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi.

Ṣọ́jà ni Bàbá ní Jámánì ní 1971, ẹni ọdún 22. Awakọ̀ ni àti àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn, sìgá kan ni wọ́n jọ ń fà. Ọ̀rẹ́ lọ sílé fún ìsinmi, ó kọ lẹ́tà olójú ewé méjì. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti àìsàn ìyá rẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Kò fi orúkọ sí i. Àwọn ọlọ́pàá ológun rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ka ìlà yẹn sí Bàbá létí lẹ́ẹ̀mẹta pé ta ló kọ ọ́. Bàbá ò dárúkọ. Wọ́n lé Bàbá lọ, ọ̀rẹ́ sì ṣiṣẹ́ ológun dé òpin.

Ọjọ́ tí àwa kó kúrò ní Odògbo, ìyá mi gbálẹ̀ yàrá tí kì í ṣe tiwa mọ́, wọ́n ń sunkún. A ti mọ ọjọ́ yẹn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni wọ́n fún Bàbá.

Ní 1967, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọwọ́ kúrò lọ́rùn àgbàlagbà ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra wọn ní ìkọ̀kọ̀, àmọ́ ṣọ́jà ò sí níbẹ̀. Oṣù Kínní ọdún 2000 ni wọ́n tó gba tiwọn. Ní 2023 ni olórí ìjọba, Rishi Sunak, bẹ̀bẹ̀ nílé aṣòfin, lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ sí £50,000 gbà-máà-bínú fún ẹni tí wọ́n bá lé. Bàbá ti gba tiwọn. Wọn ò tíì ná an.

Mo mọ òfin tí wọ́n ṣe nílé ní 2014 lòdì sí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì mi. Èmi ni mò ń fọ ẹsẹ̀ Bàbá láràárọ̀, mo mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, èrò kì í pọ̀ jù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí wa, ó dúró lókèèrè, kò kán wa lójú títí a fi ṣe tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Káàdì Kérésì tí kò lórúkọ ń wọlé sọ́dọ̀ Bàbá lọ́dọọdún títí di 2009, lẹ́yìn ìyẹn kò wá mọ́. Bàbá ní a ó tún lọ ní oṣù Kẹrin. Wọ́n ní kí n mú aṣọ ìnuwọ́ dání, kí àwọn lè nu omi inú idẹ yẹn.