Fílítà Ọ́ìlì Ọ́jínà àti Àfirọ́pò: Èwo Ló Yẹ Mọ́tò Yín?

Ẹ wọ ìsọ̀ sípéà páàtì èyíkéyìí ní Àkúrẹ́, ẹ ní fílítà ọ́ìlì Corolla lẹ fẹ́. Kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń tajà á ti gbé páálí mẹ́ta kalẹ̀: ọ̀kan ní orúkọ Toyota lára, ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ míì, owó ẹ̀kẹta sì kéré débi pé ẹ máa tún un béèrè. Àwọn kan á ní ọ́jínà nìkan ni kí ẹ rà. Mẹkáníìkì yín á ní àfirọ́pò, ìyẹn ti ilé-iṣẹ́ míì, náà ń ṣiṣẹ́. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àfirọ́pò ló ń pa ẹ́ńjìnnì wa. Ayédèrú ni, inú páálí àwọn méjèèjì ló sì máa ń sá pamọ́ sí. Bí a ṣe ń fi ọ̀kan wé èkejì yìí, ẹ má gbójú kúrò lára ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun tí ẹ ń sanwó fún

Pọ́ǹpù máa ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á tì í gba inú fílítà kí ó tó dé ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Àwọn ihò kéékèèké tó yí etí fílítà ká ni ọ́ìlì ń gbà wọlé, á gba inú pépà tí wọ́n ṣẹ́ po kọjá, á sì gba ihò ńlá àárín jáde. Iṣẹ́ asẹ́ ògì náà ni: èérí á dúró, èyí tó mọ́ á kọjá. Èérí ọ̀hún kì í ṣe ohun tí ojú lè rí. Irun orí èèyàn fẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírónì 70 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), ohun tí ọ̀pọ̀ fílítà sì ń lé kiri wà láàárín 20 sí 40. Ìlànà àgbáyé kan, ISO 4548-12, ni wọ́n fi ń dán an wò, ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dá a lójú kì í sì tijú láti sọ èsì rẹ̀.

Pépà nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Fáàfù méjì wà níbẹ̀, ara wọn sì ni ìyàtọ̀ owó ti máa ń hàn jù.

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ tó bo àwọn ihò kéékèèké yẹn látinú. Bí ẹ bá pa mọ́tò, òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀ mọ́jú. Bí rọ́bà náà bá ti gan, fílítà á ṣófo lóru. Ní àárọ̀, bí ẹ bá ti ta á, ẹ ó gbọ́ kàrà-kàrà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, iná ọ́ìlì á sì pẹ́ kó tó kú. Irin ń ha irin láìsí ọ́ìlì ní gbogbo àsìkò yẹn. Rọ́bà dúdú tó wọ́pọ̀ máa ń le bí ooru bá ti pẹ́ lára rẹ̀. Sílíkónì, tó sábà máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn, a máa pẹ́ ní rírọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká fílítà tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí tó dojú dé lára ju èyí tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè lọ.

Fáàfù kejì wà fún ìgbà tí pépà bá dí tàbí tí ọ́ìlì bá ki jù. Á ṣí, kí ọ́ìlì má bàa wọ́n ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó gba ibẹ̀ kọjá kò rí asẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó sàn ju pé kí ẹ́ńjìnnì gbẹ. Ibi tó ti ṣòro ni pé agbára tó ń ṣí i yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnnì sí ẹ́ńjìnnì, àwọn ẹ́ńjìnnì kan sì wà tí fáàfù yìí wà lára àwọn fúnra wọn, tí kò sí nínú fílítà. Ẹ wá rí i ìdí tí "ó wọlé, ó fún" kò fi tó. Fílítà mọ́tò míì lè wọ ìdí tiyín géérégé, kí fáàfù rẹ̀ máà bá ẹ́ńjìnnì yín mu.

Ọ́jínà

Èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́jínà ni fílítà tó wà nínú páálí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò. Ilé-iṣẹ́ mọ́tò fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe é o. Iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Denso, tó ti ara Toyota yapa ní 1949, wà lára àwọn tó ń ṣe é fún Toyota. Àǹfààní ńlá tó wà nínú ọ́jínà ni pé ẹ kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú: fáàfù, ìdí, rọ́bà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti bá ẹ́ńjìnnì yín wọ̀n.

Nọ́ńbà ni kí ẹ fi rà á, ẹ má fi ẹnu rà á. Ti Toyota tó jẹ́ alágolo irin máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 90915, èyí tó jẹ́ pépà lásán sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04152. Ọ̀pọ̀ Honda ń lo 15400-PLM. Ti Nissan ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 15208, ti Hyundai àti Kia sì pọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 26300. Ẹ wo ara fílítà àtijọ́ tàbí ìwé mọ́tò, ẹ kọ odidi nọ́ńbà náà sínú fóònù yín kí ẹ tó jáde nílé.

Àbùkù rẹ̀ ni owó, àti pé òun gan-an ni àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ jù, nítorí orúkọ rẹ̀ ló ń yára tajà.

Àfirọ́pò

Níbí, ẹ má kó gbogbo wọn sínú àpò kan. Mann-Filter ti ilẹ̀ Jámánì jẹ́ orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1941. Òun àti Mahle ń ṣe fílítà fún àwọn ilé-iṣẹ́ mọ́tò Jámánì fúnra wọn. Ẹni tó bá ní Mercedes tàbí BMW, tó ra Mann tàbí Mahle tó jẹ́ òótọ́, ohun tó rà súnmọ́ ọ́jínà tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ìdí tó fi máa sanwó lé e nítorí àmì ara páálí. WIX ti Amẹ́ríkà wà láti 1939. Denso àti Bosch náà ń ta á lórúkọ ara wọn. Àwọn wọ̀nyí ní ìwé tí ẹ lè fi nọ́ńbà ọ́jínà yín wá tiwọn tó bá a mu. Bí ẹni tó ń tajà kò bá lè fi nọ́ńbà méjèèjì wéra fún yín, ẹ lọ sí ìsọ̀ míì.

Ìsàlẹ̀ wọn ni àwọn orúkọ tí ẹ kò gbọ́ rí wà. Mo máa ń gba àwọn mẹkáníìkì níyànjú pé kí wọ́n fi ayùn irin la fílítà àlòkù níwájú oníbàárà, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń parí. Nínú èyí tó dára, ìṣẹ́po pépà pọ̀, ó tò dọ́gba, àtè sì mú un ṣinṣin lókè àti nísàlẹ̀. Nínú èyí tí kò dára, ìṣẹ́po rẹ̀ ṣákálá, ó lè ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni pé ọ́ìlì ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ yìí wá láìsí ẹni tó mọ̀. Páálí tí àwọn kan ń fi dé orí pépà dípò irin kò burú fúnra rẹ̀, bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ayédèrú

Ẹ fi ọwọ́ àti ojú yín ṣiṣẹ́. Ẹ wo ìkọ̀wé ara páálí: ṣé ó mọ́lẹ̀, ṣé wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kan ní àkọtì? Nọ́ńbà ara páálí àti ti ara irin gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ yọ ìka bọ ihò kéékèèké. Ó yẹ kí rọ́bà tó wà níbẹ̀ rọ̀, kó sì padà sípò rẹ̀. Ẹ mì ín létí. Bí nǹkan bá ń pariwo nínú rẹ̀, ẹ gbé e padà. Ìlà yíyí inú ihò àárín gbọ́dọ̀ mọ́ láìní ṣónṣó irin. Bí ọ̀dà rẹ̀ bá ń rùn bí ẹni kùn ún lánàá, ẹ bi ara yín léèrè ìdí. Owó tó kéré ju ìdajì tàwọn ìsọ̀ yòókù lọ kì í ṣe oore.

Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà fílítà wà nínú rẹ̀. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mú ṣẹ, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà bí kò bá jẹ́ ohun tí wọ́n pè é. SON, àjọ tó ń rí sí òdiwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, náà ń gba ẹ̀sùn lórí ọjà tí kò dé ojú òdiwọ̀n.

Ta ni kí ó ra èwo?

Bí mọ́tò yín bá ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú ilé-iṣẹ́, ẹ ra ọ́jínà lọ́wọ́ aṣojú wọn, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹni tó ń fi mọ́tò gbérò láti Ọjà Ọba dé Alágbàka, tó ń lo ọ́ìlì lásán, tó sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní kìlómítà 5,000, àfirọ́pò olórúkọ tó ṣeé fọkàn tán tó fún un. Fílítà náà kò ní í pẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì débi tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọ́jínà á fi hàn. Ṣùgbọ́n kó má gbìyànjú láti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú o. Ìrìn kúkúrú, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti eruku wà lára ohun tí ìwé mọ́tò ń kà sí iṣẹ́ líle, gbogbo rẹ̀ ló sì pé sí ìlú wa.

Bí ọ́ìlì sintétíìkì lẹ ń lò, tí ẹ fẹ́ kó pé kìlómítà 10,000, ẹ ra ọ́jínà tàbí àfirọ́pò tó kọ ọ́ sára pé òun lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àìtọ́ ni kí ẹ ra ọ́ìlì olówó gegere kí ẹ wá fi fílítà ẹdinwó sẹ́ ẹ.

Tòkunbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe lò ó, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ìdọ̀tí lè ti gbá jọ sínú rẹ̀. Ẹ fi àfirọ́pò tó dára sí i, ẹ pààrọ̀ òun àti ọ́ìlì kíákíá ní bíi kìlómítà 1,000, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo èyí tí ẹ bá yàn.

Àwọn Corolla ilẹ̀ Amẹ́ríkà 1.8 láti 2009 ń lo pépà inú ìdérí, wọn kì í lo agolo irin. Ibi tí mo ti máa sọ pé kí ẹ ra ọ́jínà láìjanpata nìyí, nítorí rọ́bà róbótó ìdérí tó máa ń bá a wá. Rọ́bà tí kò bá ìwọ̀n mu á jẹ́ kí ọ́ìlì dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdànrè tàbí Adó kí ẹ tó mọ̀. Mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gan-an. Ìdérí náà kò fẹ́ kí agbára tí wọ́n fi dè é ju 25 Nm lọ, ẹni tó bá fi òòlù lù ú á fọ́ ọ.

Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróòlù fọ fílítà àtijọ́ tàbí fẹ́ ẹ pẹ̀lú atẹ́gùn kó tún un dè. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é láti dín owó kù fún yín, àmọ́ pépà tó ti gba ooru àti èérí kò lè padà bọ̀ sípò.

Bí wọ́n bá ń de alágolo irin tuntun, ẹ dúró tì wọ́n. Kí wọ́n rí i dájú pé rọ́bà fílítà àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun, kí wọ́n fi ọwọ́ yí i títí rọ́bà á fi kan irin, lẹ́yìn náà kí wọ́n yí i ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan sí i. Ẹ la fílítà àtijọ́, ẹ sì ya páálí tuntun náà kí ẹ tó dà á nù, kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un lò. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí iná ọ́ìlì kú, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo ìdí fílítà. Bí ọ́ìlì bá ń kán, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tú u wò.