Sípíkà Electrostatic àti Sípíkà Alápòótí Nínú Pálọ̀ Kan Ní Àgbádárìgì

Ẹni tó bá fẹ́ràn àpàlà débi pé ó fẹ́ máa gbọ́ mímí olórin láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ó yẹ kó lọ gbọ́ sípíkà electrostatic wò. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àgbádárìgì ní irú rẹ̀ ní pálọ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà alápòótí tí gbogbo wa mọ̀.

Sípíkà alápòótí, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Rice àti Kellogg, ṣàlàyé ìlànà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1925, ń fi wáyà tí wọ́n ká sáàárín òòfà ti ojú sípíkà síwá-sẹ́yìn. Ti electrostatic kò ní òòfà, kò sì ní àpótí. Ọ̀rá kan tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ni wọ́n nà sáàárín pátákó méjì tó ní ihò, tí wọ́n sì fi iná tó lágbára gan-an sí lára. Ti Quad ESL-63, sípíkà electrostatic kan tó jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1981, ju 5,000 fólítì lọ. Nítorí pé ọ̀rá náà fúyẹ́, tí iná sì ń ti gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í lọ́ra láti gbéra, bẹ́ẹ̀ ni kì í lọ́ra láti dúró.

Lára ìlù ni èyí ti hàn jù lọ. Mo gbọ́ bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń kan awọ gángan, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gòkè láti ìsàlẹ̀ láìfọ́, ìró ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lára alápòótí, nígbà tí àwọn elégbè dáhùn, ohùn wọn wú pọ̀ mọ́ ohùn àpótí fúnra rẹ̀. Mi ò rò pé ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra wọn lè jiyàn èyí.

Ṣùgbọ́n tó bá di fújì tí baàsì rẹ̀ wúwo, alápòótí ló borí. Electrostatic ń fọhùn síwájú àti sẹ́yìn, ohùn méjèèjì sì ń pa ara wọn níbi tó bá ti rẹlẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ gbé e ti ògiri, ibi kan ṣoṣo ni a sì ti ń gbádùn rẹ̀ dáadáa, èyí tó ṣòro nínú pálọ̀ tí àlejò kì í wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀, nítorí electrostatic fúnra rẹ̀ ní láti wà lára iná. Nígbà tí wọ́n mú iná lọ, tó jẹ́ pé amplifier nìkan ni ìnfátà ń gbé, sípíkà náà kò dákẹ́ lójijì. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná ara ọ̀rá náà ṣe ń tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni eruku àti ọ̀rinrin, tí ìlú tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, máa ń jẹ́ kí iná náà jò.

Nítorí náà, alápòótí tó dára ni màá gba ọ̀pọ̀ ará Àgbádárìgì nímọ̀ràn láti rà. Ẹni tó bá ní yàrá tó ṣeé tì pa, tí iná rẹ̀ kì í sì í ṣe ségesège, kó ra electrostatic. Bó bá jẹ́ àlòkù, kó fi í síná fún wákàtí díẹ̀ láìkọrin, kó wá gbé etí sún mọ́ ọn. Bó bá ń ta pà-pà, kó má sanwó.