Battersea: ìbéèrè wọn ju ti Home Office tó ń fúnni ní físà ìlú òyìnbó lọ, ṣùgbọ́n ẹ farabalẹ̀ dáhùn ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀ ń bi mí pé níbo la ti rí ajá wa, mo ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí lórí WhatsApp títí ọwọ́ fi ń ro mí, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ajá gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ máa ń rí lọ́wọ́ wa ní Abbey Wood, ní London níbí yẹn, a ò rà á. Battersea Dogs & Cats Home la ti gbà á, níbi tí wọ́n ń kó ajá tó sọnù sí, àti èyí tí àwọn tó ni wọ́n ò lè tọ́jú mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ ìdájọ́ kẹ́ ẹ tètè máa lọ, ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún, àbọ̀ tó kù, ariwo ló jẹ ẹ́, torí tí ajá kan bá ti gbó níbẹ̀ gbogbo wọn ló máa dá a lóhùn, ọkọ̀ ojú irin náà á tún máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ ò ní gbọ́ ara yín.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ilé ni wọ́n ń wá fún ajá, wọn ò wá ajá fún ẹnì kankan. Ẹni tó bá rò pé òun á kàn débẹ̀, òun á nàka sí èyí tó wu òun, òun á sanwó, òun á máa mú un lọ, inú á bí i gan-an, á tún padà wá sọ pé àwọn òyìnbó yẹn ń ṣe ojúsàájú.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Orí wẹ́bùsáìtì wọn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù, irú ilé tẹ́ ẹ ń gbé, ṣé tiyín ni àbí ẹ ń rẹ́ǹtì, tó bá jẹ́ pé ẹ ń rẹ́ǹtì ṣé onílé gbà kí ajá wọlé òun, ọmọ mélòó ló wà nílé, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, wákàtí mélòó ni ajá á máa dá wà lójúmọ́, ṣé ológbò wà níbẹ̀, ṣé ẹ ti sin ajá rí. Tí ọ̀rọ̀ onílé bá kàn yín, ẹ lọ gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Wọn kì í sì ṣe é pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ gbà. Èèyàn rẹpẹtẹ lè máa wá ajá kan ṣoṣo, ẹni tí ilé ẹ̀ bá bá ajá yẹn mu ni wọ́n máa pè. Mo mọ̀ pé ó ń dun àwọn kan, wọ́n á ní àwọn ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn gan-an nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ fọmọ ẹ̀ fọ́kọ, ṣebí á ṣèwádìí ilé tó ń lọ.

Ìbéèrè kan ló wá yà mí lẹ́nu jù. Obìnrin tó ń gbọ́ tẹnu wa ní Battersea ti bi wá ní gbogbo tiẹ̀ tán, ó wá ní, "Ta ló tún máa ń wá sun ilé yín?" Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Torí ìyá ọkọ mi, Alhaja, máa ń ti Ìbàdàn wá lọ́dọọdún tí oòrùn bá ti yọ ní London, tó bá sì dé, pálọ̀ ló ti ń kírun, ọ̀rọ̀ ìrun Alhaja ò sì ṣeé fi ṣeré. Kò kórìíra ajá o. Itọ́ ajá ni ò fẹ́ lára aṣọ tó fi ń kírun, àti pé tí ajá bá lọ fò mọ́ ọn, orúnkún ẹ̀ ò gba irú ìyẹn mọ́. Ọkọ mi bá ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, èmi ti ń retí pé kó ní ẹ máa lọ nìyẹn. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ni, ó ní, "Ó dáa, ajá tí kì í lá èèyàn, tí kì í fò mọ́ èèyàn, tó lè dúró sí yàrá tiẹ̀ láì pariwo." Gbogbo ọmọ ajá tí mo ti ń wò lórí fóònù látọjọ́ yìí, tí mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, ibẹ̀ ló ti yọ gbogbo wọn dànù. Ó ní ọmọ ajá ò lè bá irú ilé yìí mu. Ó ní ṣé a ti ro greyhound wò rí?

Greyhound kẹ̀! Ajá tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́! Gbogbo èèyàn tá a sọ fún ló ní ajá tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ yẹn á tú ilé wa ká. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ọ̀lẹ méjì níbi tí greyhound bá wà. Wọ́n á rìn díẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, gbogbo èyí tó kù, oorun ni, òmíràn ò ní pa ojú dé gan-an tó bá ń sùn, kó má wá dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń sáré ní Britain, Ireland ni wọ́n ti bí wọn, tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, eré tán nìyẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá ilé fún wọn. Pápá tí wọ́n ti ń sá eré ajá ní Crayford, tí ò jìnnà sí wa rárá, January 2025 ni wọ́n tì í, ti Romford ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tá a lọ rí greyhound tó wá di tiwa, wọ́n mú un wá bá wa ní yàrá kékeré kan. Kò gbó. Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rọra rìn lọ bá ọkọ mi, ó fi gbogbo ìhà ẹ̀ tì í lẹ́sẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi sún sẹ́yìn, òun náà sún tẹ̀ lé e. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ara bá ti tù wọ́n lọ́dọ̀ èèyàn. Mo gbé etí ẹ̀ sókè, wọ́n fín lẹ́tà sínú ẹ̀, etí kejì náà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti Ireland wá ni wọ́n máa ń fín etí wọn méjèèjì. Awọ ara ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ máa rí iṣan lábẹ́ ẹ̀ níbi itan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wọ kóòtù fún wọn nígbà òtútù, mi ò rò pé fáàrí ni mọ́.

Ohun tí mo wá fẹ́ràn jù lára iṣẹ́ wọn ni pé wọn ò tọ́jú àlébù ajá pa mọ́. Ẹni tó ń tajà á máa yin ọjà ẹ̀ ni, àbí? Àwọn yìí jókòó, wọ́n ń ka gbogbo ohun tí ò dáa nípa ajá tí wọ́n fẹ́ fún wa. Pé ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ológbò. Pé tó bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ ní páàkì kò ní gbọ́ orúkọ ẹ̀ mọ́, nítorí náà okùn ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́rùn ẹ̀ níbi tí ò bá sí fẹ́ǹsì. Pé ọrùn greyhound tóbi ju orí ẹ̀ lọ, kọ́là lásán á yọ, kọ́là fífẹ̀ tó máa ń fún díẹ̀ tó bá fà á ni ká rà. Pé inú ilé ajá ló ti dàgbà, kò mọ àtẹ̀gùn, kò mọ ilẹ̀kùn onígíláàsì, kò mọ ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ti àtẹ̀gùn yẹn, ẹ ò rí nǹkan. A délé, ajá dúró nísàlẹ̀, ó ń wò wá bíi pé kí la lọ ṣe lókè. Èmi wà lẹ́yìn, mò ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lé ìgbésẹ̀, ọkọ mi wà níwájú, ó ń gbé tiwájú, ọmọ wa ń fi adìẹ sísè tàn án látòkè, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá ó gòkè fúnra ẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, ìgbà tó dókè tán ló rántí pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má lè bímọ mọ́ kí wọ́n tó fún wa, wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ti fi ṣíìpù, ìyẹn ohun kékeré tí wọ́n fi ń dá ajá mọ̀, sí i lábẹ́ awọ, tí ṣíìpù yẹn sì jẹ́ dandan lófin fún ajá láti 2016. Ẹ má gbàgbé pé ajá gbọ́dọ̀ wọ kọ́là tí orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà lára ẹ̀ níta, ẹ má ní ṣebí ṣíìpù wà. Owó tẹ́ ẹ máa san níbẹ̀ ò lè tó èyí tí àwọn tó ń bí ajá tà ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín, kò sí NHS, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún èèyàn, fún ajá. Íńṣọ́ránsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ajá kan wà níbẹ̀ yẹn tó jẹ́ pé owó dókítà ẹran ló lé wọn kúrò nílé.

Ibẹ̀ ti pẹ́ o. 1860 ni Mary Tealby dá a sílẹ̀ ní Holloway, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn pé èèyàn ń sùn síta, obìnrin yìí ń kọ́lé fún ajá. 1871 ni wọ́n kó wá sí Battersea. Ológbò náà wà níbẹ̀, Larry tó ń gbé nílé olórí ìjọba ní Downing Street láti 2011, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Wọ́n tún ní ibòmíràn ní Old Windsor àti Brands Hatch, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní apá Kent ẹ wo ti Brands Hatch.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé gbogbo ibi ló dáa báyìí, a ti kọ́kọ́ kàn sí ibì kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọn ò bi wá ní nǹkan kan. Fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé wa ò ga tó, ọ̀rọ̀ parí, ímeèlì ìlà méjì. A kọ̀wé padà pé a máa gbé e ga sí i, wọn ò dá wa lóhùn títí di òní. Ohun tó ń bí mi nínú nípa òfin gbà-bí-ò-gbà báyẹn ni pé ẹni tí wọ́n bá lé, á kọjá sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ ra ọmọ ajá lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀ rí. Òfin tí wọ́n ń pè ní Lucy's Law ti wà ní England láti April 2020, alágbàtà ò gbọ́dọ̀ ta ọmọ ajá tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó bí i gan-an lẹ ti máa rà á tàbí kẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ń gba ajá là. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ẹ jẹ́ ká pàdé ní páàkì ọkọ̀, tí ò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìyá ọmọ ajá, ẹ sá. Àti XL Bully, irú ajá ńlá tí àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ràn, ẹ má wulẹ̀ béèrè, kò sí ẹni tó láṣẹ láti fún yín mọ́ láti ìparí 2023.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣe pàtàkì fún àwa tá a jẹ́ Yorùbá. Ọbẹ̀ ata wa yẹn, májèlé ni fún ajá, àlùbọ́sà inú ẹ̀ ni. Aáyù náà bẹ́ẹ̀. Eegun tá a ti sè, ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, ó lè gún ìfun ẹ̀. Mo mọ̀ pé ajá ilé bàbá yín jẹ gbogbo ẹ̀ kò kú, ẹ ṣáà má dán an wò níbí.

Alhaja ti wá ná. Bó ṣe wọlé tó rí i, ó figbe ta, "Ẹ ò fún un lónjẹ ni? Ẹ wo egungun ìhà ẹ̀!" Dókítà ẹran ti sọ fún wa pé bó ṣe yẹ kí greyhound rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún Alhaja. Òun náà ló sọ ọ́ ní Bámitálẹ́, orúkọ tó ń jẹ́ lórí pápá kì í tiẹ̀ ṣe ohun tó ṣeé pè. Tó bá fẹ́ kírun, á ní, "Bámitálẹ́, yàrá ẹ," ajá á dìde, á lọ. Mi ò mọ èyí tó bẹ̀rù jù nínú wa, ṣùgbọ́n Yorùbá ló gbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ará Oǹdó ti dá gbogbo àpárá tó yẹ kí wọ́n dá, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń bi mí bóyá a lè gba ajá níbẹ̀ ká fi ránṣẹ́ sílé kó máa ṣọ́ ilé tá à ń kọ́ lọ́wọ́ ní Mowe, rárá o, wọn ò ní fún yín, ajá tó máa sun inú ilé pẹ̀lú èèyàn ni wọ́n ń fúnni. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ Bámitálẹ́ ni wọ́n ní kó ṣọ́ ọ, olè á kó gbogbo símẹ́ńtì tán, òun á kàn fara tì í lẹ́sẹ̀ ni.