Fóòmù àdìrẹ alábẹ́là l'ọjà Ìtòkú, Abẹ́òkúta: èyí tó yẹ ní rírà àti èyí tó ń fi àkókò ṣòfò

Ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí l'Abẹ́òkúta mọ̀ pé búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń ya àbẹ́là sára aṣọ kì í tètè gbéni dé ọjọ́ tí oníbàárà dá. Aṣọ àkọ́kọ́ á dára, ìkejì á dára, tó bá fi máa di ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ti rẹ ọwọ́. Òdòdó ara aṣọ ìyá ọkọ kò ní jọ ti ìyá ìyàwó mọ́. Ohun tí fóòmù bá wa tún ṣe nìyẹn: wọ́n gé ọnà sí i lára, a ń rì í bọ àbẹ́là yíyọ́, a sì ń fi tẹ aṣọ kí aró má bàa mú ibẹ̀. Ó yẹ lówó, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ń pàtẹ.

Ẹ ki ìka bọ̀ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Bó bá lọ sílẹ̀ tí kò tètè dìde, ẹ fi sílẹ̀, àbẹ́là gbígbóná kò ní pẹ́ sọ ọ́ di jákujàku. Líle ni ká wá, kó nípọn tó íǹṣì mẹ́ta kí ọwọ́ má bàa kan àbẹ́là. Ibi tí àwọn tó ń gé e ti máa ń kùnà jù ni ìjìnlẹ̀ ọnà. Bí kòtò àárín rẹ̀ kò bá tó ìdajì íǹṣì, àbẹ́là á kún inú rẹ̀, òdòdó á sì di àbàwọ́n gbàǹdù lára aṣọ. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju igi ìṣáná lọ kì í pẹ́ já.

Ooru ló ń ba iṣẹ́ jẹ́, fóòmù la sì máa ń dá lẹ́bi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ padà. Bí ọnà bá hàn lẹ́yìn bí ìgbà tí epo ta sí pépà, àbẹ́là ti wọlé. Bó bá funfun tó kàn dúró lójú aṣọ, ó ti tutù jù, aró á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ìkòkò bá ń rú èéfín, ó ti gbóná jù: ọnà á tàn kálẹ̀, fóòmù á jó, iná sì lè ràn. Ìdérí la fi ń pa irú iná bẹ́ẹ̀, omi kọ́ o! Nítorí èyí, gáàsì la yàn ju igi lọ. Ó ṣeé dín kù.

Fóòmù kò lè gba aṣọ poliẹ́sítà là, aró tí a ń fi kọ́sítíìkì àti háídírósì, kẹ́míkà méjì tó ń jẹ́ kí aró wọ òwú, pò kò ní mú un dáadáa. Omi gbígbóná la fi ń tú aró, ṣùgbọ́n ẹ fi omi tútù là á kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, kí àbẹ́là má bàa yọ́. Inú omi la ń da kọ́sítíìkì sí, a kì í da omi lé e lórí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé fóòmù á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọṣẹ́. Iṣẹ́ ló ń ṣí nípò. Bí ìtẹ̀ bá ti yá, aṣọ á tò jọ nídìí aró àti nídìí ìkòkò tí a fi ń se àbẹ́là kúrò, ibẹ̀ la á ti nílò ọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ra fóòmù mẹ́rin tó ní ìkòkò kan ṣoṣo kò yára rárá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: aṣọ mélòó ló jáde láìní àbùkù, ènìyàn mélòó ló ṣe é, wákàtí mélòó. Bí ẹni mẹ́ta bá tẹ mẹ́wàá tí méjì bàjẹ́, mẹ́jọ ni wọ́n ṣe. Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà á máa pọ̀ sí i; a ò lè bá a díje lórí owó, àfi ká máa kó aṣọ lélẹ̀ lọ́jọ́ tí a dá.

Méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀: ńlá fún ara aṣọ, kékeré fún etí. Bí àbẹ́là bá gan sínú ọnà, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ tì í padà sínú àbẹ́là gbígbóná títí á fi rọ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n nù.