Ẹ mú Data Communication yẹn, ẹ má sá fún un

Àwọn àbúrò wa tó ń wọ 300 level ti ń bi mí lọ́tùn-ún lósì pé ṣé kí àwọn mú Data Communication and Networks àbí kí àwọn wá nǹkan míì mú, torí àwọn kan ti lọ ń dẹ́rù bà wọ́n pé ìṣirò ló kún inú ẹ̀ àti pé àwọn èèyàn máa ń gbé carryover níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un. Nínú gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo ti ṣe látìgbà tí mo ti wọlé, òun ló jẹ́ kí nǹkan tí mò ń lò láàárọ̀ lálẹ́ yé mi jù, mi ò sì rò pé ó yẹ kéèyàn ka Computer Science jáde láìmọ bí mẹ́sééjì ṣe ń rìn láti fóònù kan dé òmíì. Ó níbi tó kù díẹ̀ káàtó ṣá o, pàápàá lab, màá débẹ̀.

Bàbá tó kọ́ wa mọṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé, tẹ́ ẹ bá ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù onílé ayé ìgbà yẹn, tẹ́ ẹ wá dákẹ́, ta ló ni láìnì yẹn? Ẹ̀yin náà ṣì ni, kò sẹ́ni tó lè gbà á títí ẹ ó fi gbé fóònù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ ò sọ nǹkan kan. Íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa gé ọ̀rọ̀ yín sí wẹ́wẹ́, á kọ ádírẹ́ẹ̀sì ibi tó ń lọ àti ibi tó ti wá sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pákẹ́ẹ̀tì nìyẹn, tó bá jẹ́ lórí Ethernet, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì oníwáyà, kì í sábà ju 1,500 byte lọ, á wá dà á pọ̀ mọ́ tàwọn ẹlòmíì kí gbogbo wọn jọ gba ọ̀nà kan náà. Èyí tó bá sọnù lọ́nà, TCP, òfin tó ń bójú tó ìránṣẹ́ yẹn, á rí i pé kò dé, á tún un rán. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti pa kíláàsì ẹ̀ jẹ.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni bí wọ́n ṣe pẹ́ lórí OSI, àwòṣe tó pín iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì sí ìpele ìpele. Layer méje, láti Physical dé Application, gbogbo kíláàsì ń há a sórí, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ TCP/IP ni íntánẹ́ẹ̀tì ń lò ní tòótọ́, OSI kàn ń bá wa to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ ká lè mọ ibi tí wàhálà ti wá ni. Lẹ́kíṣọ̀ ẹyọ kan tó o jàre. Ẹ há a ṣá, torí ó máa ń jáde nínú ìdánwò, kẹ́ ẹ sì máa lọ.

Ibì kan wà tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara, ẹ sì lè dán an wò lórí fóònù yín báyìí. Àyè tó wà nínú text message kan, 140 byte ni, bit mẹ́jọ (0 tàbí 1 ni bit kọ̀ọ̀kan) ló wà nínú byte kan, 1,120 bit nìyẹn. Álífábẹ́ẹ̀tì GSM tí text ń lò, bit méje ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà, ẹ fi méje pín in, ẹ ó rí 160, ibẹ̀ ni 160 tá a mọ̀ yẹn ti wá. Álífábẹ́ẹ̀tì yẹn ní à, ó ní è, ó ní é, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Tẹ́ ẹ bá ti lè fi ẹ kan ṣoṣo sínú ẹ̀, gbogbo mẹ́sééjì náà á yí sí oríṣi míì tó ń gba bit mẹ́rìndínlógún fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi mẹ́rìndínlógún pín 1,120 yẹn, 70 péré ló kù. Tó bá tún wá jẹ́ èyí tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, bí ọ̀ tàbí ẹ́, méjì ló máa kà á sí. Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá tó péye ránṣẹ́ sílé lè san owó text mẹ́ta fún ohun tí ẹni tí kò fi àmì sí i máa fi owó ẹyọ kan rán. Ó bí mi nínú gan-an. Àìmọye èèyàn ló rò pé ọ̀lẹ ni kì í jẹ́ ká fi àmì sí ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n ti ṣírò owó lé e lórí látilẹ̀.

Ìṣirò tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín, subnetting ni, ìyẹn pípín nẹ́tíwọ̀kì kan sí kéékèèké, kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Ádírẹ́ẹ̀sì IPv4, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ kọ̀ǹpútà lórí nẹ́tíwọ̀kì, jẹ́ bit 32, wọ́n pín in sọ́nà mẹ́rin, mẹ́jọ mẹ́jọ. Kẹ́ ẹ tó ka ìbéèrè rárá, ẹ kọ 128, 64, 32, 16, 8, 4, 2, 1 sókè ìwé yín, iye tí bit mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró fún nìyẹn. Tí wọ́n bá wá ní 192.168.10.0/26, nẹ́tíwọ̀kì ti mú bit 26 nínú 32 yẹn, mẹ́fà ló ṣẹ́ kù, ẹ sọ 2 di ìlọ́po lẹ́ẹ̀mẹfà, 64 nìyẹn, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ torí orúkọ nẹ́tíwọ̀kì fúnra ẹ̀ ni, ẹ yọ ti ìkẹyìn torí ti broadcast ni, èyí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, 62 ló kù tẹ́ ẹ lè fún kọ̀ǹpútà. Nẹ́tíwọ̀kì tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ láti .64, ó kan .128, ó kan .192, ó tán. Àwọn tó gbé carryover tí mo mọ̀, ńṣe ni wọ́n ń wo bí ẹlòmíì ṣe ń ṣe é, wọn ò fi bírò tiwọn ṣe é.

Apá tó kan àwa tá a wà ní Nàìjíríà gan-an ni ti kébù abẹ́ òkun. Ẹ rántí March 14, 2024, tí app báǹkì ò ṣí, tí data ò lọ, tí kálukú ń bínú sí nẹ́tíwọ̀kì tó ń lò. Kébù MainOne, ACE, SAT-3 àti WACS, gbogbo wọn ló níṣòro lọ́jọ́ kan náà lápá etíkun Abidjan. Bàbá gbé máàpù jáde, ó fi hàn wá bí kébù wọ̀nyẹn ṣe jọ gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá ní etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí nǹkan bá ti ṣe ibẹ̀ ó ti kàn wọ́n lápapọ̀ nìyẹn. Equiano ti Google tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022 kò já, àwọn rúútà, ẹ̀rọ tó ń yan ọ̀nà fún pákẹ́ẹ̀tì, wá ń darí wọn gba ibẹ̀. Ó tún ṣàlàyé IXPN, ibi tí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti ń gba pákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, pé kó tó dé, ìmeèlì láti Yábàá sí Ìkẹjà lè rìn dé ìlú òyìnbó kó tó padà wá. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán.

Ó wá kan lab, ibẹ̀ ni mo ti yọ máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún kọ́ọ̀sì yìí. Èrò pọ̀, crimping tool tí wọ́n fi ń tẹ orí mọ́ kébù nẹ́tíwọ̀kì ò tó nǹkan, iná ń lọ, ẹni tó bá wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan, púpọ̀ nínú practical ló jẹ́ orí pátákó la ti ṣe é, ìyẹn ò sì dáa fún kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọwọ́ lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá tó ń bójú tó lab, ó mú sùúrù fún wa. White-orange, orange, white-green, blue, white-blue, green, white-brown, brown, bẹ́ẹ̀ ló ṣe to wáyà mẹ́jọ inú kébù náà, ètò tí wọ́n ń pè ní T568B nìyẹn, ó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ìka méjì, ó gé orí ẹ̀ kó dọ́gba kó tó tì í bọ inú RJ45, ìyẹn orí oníke tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Ó ní ká má tú wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ méjì méjì yẹn ju nǹkan bí ìdajì íńṣì lọ, torí lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí èyí kó ọ̀rọ̀ ran ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó wá kì í sínú tester, ẹ̀rọ tó ń yẹ wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò, iná ń tàn láti 1, ó ń lọ dé 8, iná 3 ò tàn, kò tiẹ̀ tún un wò tó fi sọ pé white-green ni ò wọlé dáadáa, ó gé orí ẹ̀ dànù, ó ṣe òmíì.

Tẹ́ ẹ bá máa mú un ní síméstà tó ń bọ̀, ẹ ti wa Packet Tracer, app tí wọ́n fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ̀kì, sórí kọ̀ǹpútà yín látìsinsìnyí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Cisco Networking Academy ni, gbogbo rúútà àti swíìṣì tí lab ò ní ló wà níbẹ̀. Wireshark náà, app tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì tó ń wọlé tó ń jáde hàn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tàn án kẹ́ ẹ ṣí website kan, ẹ máa rí SYN, SYN-ACK, ACK, ìkíni mẹ́ta tí TCP fi ń bẹ̀rẹ̀, lójú ara yín kí ojú ìwé tó jáde rárá. Crimping tool ni kẹ́ ẹ dáwó rà, èèyàn bíi mẹ́rin márùn-ún, ó wà ní Computer Village n'Íkẹjà, kẹ́ ẹ ra tester mọ́ ọn o, torí láìsí tester ẹ ò ní mọ èwo ni ò wọlé nínú mẹ́jọ yẹn.